Ilẹ̀ Tí Wọ́n Fún Bàrákàt

Bí ẹ bá rí ẹni tó fẹ́ kọ́lé ní Kàbà, tó kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé kó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ wò ó dáadáa, irú wọn ò pọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á já yanrìn sílẹ̀, wọ́n á pe bíríkìlà, wọ́n á sì máa kọ́ ọ lọ. Bí wọ́n bá wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé kí iṣẹ́ dúró, onílé á sinmi díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti ń na ẹsẹ̀ ní fàráńdà ilé wọn lónìí. Bàrákàt aránṣọ, tó fẹ́ ṣe é bí òfin ṣe ní kí wọ́n ṣe é, inú yàrá kan lẹ́yìn ọjà ló ń gbé. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mi ò sì ní díbọ́n pé kò bí mi.

Ọmọ ilé Àsàmọ̀ ni Bàrákàt, àwọn Mùsùlùmí tó ti ń ṣòwò, tó sì ń roko ní Kàbà tipẹ́tipẹ́. Láwọ̀yín, ará Mopa, ló fẹ́ ẹ, Mopa náà ló sì bá a gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé bá ọkùnrin náà. Aṣọ iléèwé ni Bàrákàt ń rán níbẹ̀. Ó máa ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi wú, owó tó sì ń ti ibẹ̀ wá ló pọ̀ jù nínú èyí tí òun àti ọkọ rẹ̀ fi kọ́ ilé tí wọ́n ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Láwọ̀yín ló ra ilẹ̀ náà, orúkọ tirẹ̀ ló wà nínú ìwé, kò sì sẹ́ni tó ka ìyẹn sí nǹkan kan. Láàárín ẹbí kẹ̀?

Nígbà tí Láwọ̀yín kú, àwọn ẹbí rẹ̀ jẹ́ kí Bàrákàt ṣe opó rẹ̀ tán. Wọn ò bá a jà, wọn ò bú u. Wọ́n pè é jókòó, wọ́n fún un lómi mu, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí ọmọ òun ráyè wọ ilé yìí. O ṣáà mọ̀ pé àwọn ló nìwé." Ìwà pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi lé e jáde, ìyẹn ló sì dùn ún jù, nítorí kò rí ẹni tó lè bínú sí. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Nàíìmà, tó wà nílé ọkọ ní Ìyàrá, ló wá bá a kẹ́rù. Bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́yìn ọkọ̀, Bàrákàt yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Nàíìmà, ilé tí mo bá tún fi owó mi kọ́ láyé yìí, orúkọ mi ló máa wà nínú ìwé rẹ̀. Bí kò bá ní sí níbẹ̀, mi ò kọ́."

Ohun kan ṣoṣo tó ń wá láti ìgbà náà nìyẹn. Kì í ṣe ilé alájà, kì í ṣe mọ́tò. Orúkọ ara rẹ̀ lórí ilé tirẹ̀.

Ilé wọn ní Kàbà ò sì já a kulẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Bàbá Àsàmọ̀ ni olórí ilé náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí Bàrákàt ni, arúgbó kan tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí ohùn rẹ̀ ṣì le. "Okun o, ọmọ mi," ló fi kí i nígbà tó rí i tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù. "Okun o. Wọlé, jókòó." Kò bi í léèrè ohunkóhun, ó ti gbọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó kó gbogbo ilé lẹ́yìn, ó mú un lọ sí ilẹ̀ kan lójú ọ̀nà Ògìdì.

Bí wọ́n ṣe ń fúnni nílẹ̀ nílé Àsàmọ̀ ni pé olórí ilé á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn yí ilẹ̀ náà ká, àwọn ọmọ ilé á máa tẹ̀ lé e. Ní igun kọ̀ọ̀kan, ẹni tí wọ́n fún á gbin pòrogún, igi tí wọ́n fi ń pààlà. Bó bá ti yí i ká tán, ó parí nìyẹn, kò sí ẹni tó tún ń bá a jiyàn. Bàbá Àsàmọ̀ rìn yí i ká lọ́jọ́ náà. Yàsírù, àkọ́bí rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́jà, wà nílé, òun gan-an ló gé pòrogún tí Bàrákàt gbìn. Bàbá dúró, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbóhùn sókè.

"Láti ìdí igi kajú yẹn títí dé ojú ọ̀nà, ti Bàrákàt ni. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó wí."

Kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan. Wọ́n ka Fàtíhà, wọ́n pín obì, wọ́n padà sílé. Bàrákàt sunkún ayọ̀ títí ojú rẹ̀ fi wú.

Ẹlòmíràn á ti pe bíríkìlà lọ́jọ́ kejì. Bàrákàt tí ojú rẹ̀ ti rí tó ní Mopa, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́ ló gbà lọ. Ó bá ọ̀dọ́mọbìnrin kan níbẹ̀, Priscilla, ọmọ Ẹ̀gbẹ̀.

"Mo fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé," ni Bàrákàt wí.

"Ibo lẹ kọ́ ọ dé, Mà?"

"Mi ò tíì kọ́ nǹkan kan."

"Ẹ ò tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀?"

"Mo ní mi ò tíì fọwọ́ kàn án, ọmọ mi."

Priscilla bú sẹ́rìn-ín, ó pe àwọn tó wà ní yàrá kejì. "Ẹ wá wo ìyá tó wá gbàwé kó tó kọ́lé o!" Wọ́n yọjú lóòótọ́. Wọ́n kí i bí ẹni kí àlejò pàtàkì, wọ́n fún un ní àga tó dára. Inú Bàrákàt dùn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣe é bẹ́ẹ̀ níbikíbi.

Priscilla fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un. Ó ní ó máa mú pláànì ilé wá, kó jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n yà ló yà á, kó sì fi òǹtẹ̀ rẹ̀ sí i. Ó máa mú sọ́fè ilẹ̀ wá, àti rìsíìtì pé ó ń san owó orí. Wọ́n á wá wo ilẹ̀ náà fúnra wọn, torí ilé ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọ̀nà jù, kànga ò sì gbọdọ̀ sún mọ́ sókawéè. Bàrákàt ń mi orí sí gbogbo rẹ̀.

"Ó ku ìwé tó fi hàn pé ẹ̀yin lẹ nilẹ̀," ni Priscilla wí.

"Bàbá wa ló fún mi. Gbogbo ilé ló rí i."

"Ó ti dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Bàbá ṣe ìwé kékeré kan pé àwọn ló fún yín, kí wọ́n tẹ̀ka sí i, kí ẹlẹ́rìí méjì buwọ́ lù ú. Ìyẹn ló rọrùn jù nínú gbogbo ẹ̀."

Ìyẹn ló rọrùn jù! Ọmọ ọlọ́mọ ò mọ ohun tó ń wí.

Èyí tó le ni Bàrákàt kọ́kọ́ ṣe. Andrew, ọkùnrin kan tó ń ya pláànì, ló ya ilé náà fún un, ilé pẹ́ńpẹ́, yàrá méjì àti pálọ̀, pẹ̀lú yàrá kékeré kan lẹ́yìn tó kọjú sí ìlà-oòrùn. Bàrákàt ní kí wọ́n la fèrèsé ńlá sí yàrá yẹn kó lè máa rí ojú abẹ́rẹ́ láàárọ̀. Nígbà tí Andrew kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ pláànì, ó ní kó tún un kọ, kó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Andrew rẹ́rìn-ín, ó tún un kọ. Àwọn tó ń wọnlẹ̀ wá, wọ́n ri òpó sìmẹ́ńtì mọ́lẹ̀ nídìí pòrogún rẹ̀. Ó san owó orí. Ó ní kí wọ́n bá òun ṣe búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, wọ́n tò ó sábẹ́ igi kajú. Ó wá ku èyí tó rọrùn.

Kó má baà yọ Bàbá lẹ́nu, ó ní kí Andrew bá òun tẹ ìwé náà sílẹ̀. Ó ra íńkì tí wọ́n fi ń tẹ̀ka. Ó dúró di ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, tí ilé máa kún, kí ó má baà wá ẹlẹ́rìí kiri. Ire ló rò. Bó sì ṣe rò ó náà ló ṣe bà á jẹ́.

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé Àsàmọ̀ ò lè mọ ohun tí íńkì jẹ́ fún wọn. Nígbà tí Bàbá Àsàmọ̀ ṣì wà lọ́mọdé, àlejò kan wá, ó ní kí wọ́n yá òun ní oko wọn, òun fẹ́ gbin kajú sí i fún ìgbà díẹ̀. Ó mú ìwé wá, ó mú íńkì wá. Bàbá wọn tẹ̀ka. Oko náà ò padà wá mọ́ títí dòní. Láti ìgbà náà, nínú ilé yẹn, ẹni tó bá tẹ̀ka ti ta nǹkan ìní baba rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ bú ọmọ àpà, wọ́n á ní ó ti tẹ̀ka. Bàrákàt gbọ́ ìtàn yìí ní kékeré. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ ní Mopa, ó ti gbàgbé. Ó ṣí ike íńkì náà síwájú bàbá arúgbó yẹn lójú gbogbo ilé.

Bàbá Àsàmọ̀ wo íńkì, ó wo Bàrákàt. "Ta lo fẹ́ tà á fún?"

"Mi ò tà á, Bàbá. Ìwé ilẹ̀ tí ẹ fún mi ni. Ìjọba ní kí ẹ tẹ̀ka kí wọ́n lè jẹ́ kí n kọ́lé."

"Ìjọba wo ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rìn ín? Ṣé ẹsẹ̀ mi ò tó ọ mọ́ ni?"

"Ó tó, Bàbá. Ẹ dákun."

"Gbé nǹkan yẹn kúrò níwájú mi." Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ jálàbíà rẹ̀, ó fi wọ́n pamọ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gé níka. Ojú rẹ̀ kún fún omijé. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní purọ́, àánú òun náà ṣe mí.

Ilé dàrú. Obìnrin kan ní ọgbọ́n Mopa ni Bàrákàt gbé wá bá wọn. Òmíràn béèrè ohun tí ọmọbìnrin tó ti lọ sílé ọkọ fẹ́ fi ìwé ilẹ̀ baba ṣe. Ẹnìkan ní bó bá kú ńkọ́, ṣé àwọn ará Ìyàrá, níbi tí ọmọ rẹ̀ gbé wà, ló máa wá jogún ilẹ̀ Àsàmọ̀ ni? Láti ọjọ́ tí Bàbá ti rìn yí ilẹ̀ náà ká, kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe wà lẹ́nu lásán, kò dun ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó fẹ́ bọ́ sínú ìwé ni gbogbo wọn rántí pé obìnrin ni.

Yàsírù ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ẹ má jẹ́ ká pariwo. Bàbá, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Èmi mọ bí wọ́n ṣe ń bá ìjọba sọ̀rọ̀."

Ara Bàbá balẹ̀. "Yàsírù mọ̀wé. Bàrákàt, kó ìwé rẹ fún un."

Bàrákàt kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kó pláànì fún un, ó kó sọ́fè fún un, ó kó rìsíìtì fún un.

Ó tó ìgbà díẹ̀ kí Yàsírù tó pè é lórí fóònù pé ìwé àṣẹ ti jáde. Bàrákàt wọ léèsì rẹ̀ kan tó dára jù, ó gba ọ́fíìsì lọ. Priscilla ti rí i lókèèrè, ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú oríire o, Mà!" Ó tẹ́ pláànì náà sórí tábìlì, òǹtẹ̀ ìjọba ti wà lára rẹ̀ gbangba. Ilé náà ni lóòótọ́. Yàrá méjì, pálọ̀, fèrèsé ńlá lẹ́yìn. Bàrákàt wo ìsàlẹ̀. *Alájì Yàsírù Àsàmọ̀.*

"Ọmọ mi, wọ́n ti ṣi orúkọ kọ."

Priscilla yẹ fáìlì wò. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Wọn ò ṣì í, Mà. Ìwé tí wọ́n mú wá látọ̀dọ̀ ẹbí, tí àwọn ọmọ ilé buwọ́ lù, sọ pé ilẹ̀ ẹbí ni, pé Alájì ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Orúkọ tó bá wà nínú ìwé ilẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà lórí pláànì. Alájì ló ní kí wọ́n tún un yà." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé kì í ṣe bí ẹ ṣe fẹ́ nìyẹn?"

Ilé Láwọ̀yín ni Bàrákàt padà sí lọ́kàn, níbi tí wọ́n ti fún un lómi mu kí wọ́n tó ní kó máa lọ.

"Ó ṣeé túnṣe," ni Priscilla wí. "Kí Bàbá ṣáà tẹ̀ka fúnra wọn."

Ó pe Yàsírù láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì náà. Ohùn Yàsírù rọ̀ bí òwú. Ó ní àwọn ẹbí ló pinnu rẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ọ̀nà tó yá jù ni, pé kí Bàrákàt máa kọ́lé rẹ̀ lọ, ta ló ń béèrè orúkọ? "Ṣé mo máa jẹ ilé ẹ ni?" ló béèrè. Bàrákàt pa fóònù, ó gba ilé Bàbá lọ.

Bàbá Àsàmọ̀ wà lórí ẹní, ara rẹ̀ ò yá dáadáa mọ́ nígbà yẹn. Inú rẹ̀ dùn láti rí i. "Okun o, ìyá onílé! Wọ́n ní o ti gbàwé."

"Bàbá, orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Yàsírù ni wọ́n kọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Ṣebí ẹ̀gbọ́n rẹ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé orí orúkọ lo fẹ́ máa sùn ni? Ta ló fẹ́ lé ọ níbẹ̀?"

"Wọn ò lé mi ní Mopa náà, Bàbá. Wọ́n kàn ní kí n jẹ́ káwọn ráyè ni."

Ẹ̀rín Bàbá dá dúró. Ó wò ó títí. Bàrákàt rò pé ó ti yé e wàyí. Bàbá na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀. "Fà mí dìde."

Kò lọ síbi íńkì. Ọ̀nà Ògìdì ló ní kí wọ́n gbé òun lọ. Ara rẹ̀ ò yá, ṣùgbọ́n ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó gbá ọwọ́ Bàrákàt mú, ó sì tún fẹsẹ̀ yí ilẹ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan sí i, láti igun dé igun. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bó bá rìn díẹ̀, á dúró, á na ọ̀pá sí àwọn tó ń kọjá lọ, á ní, "Ẹ gbọ́ o! Ti Bàrákàt ni!" Nígbà tó yí i ká tán, ó jókòó lé orí búlọ́ọ̀kù tí Bàrákàt tò sábẹ́ igi kajú, òógùn bo ojú rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn.

"Mo ti fún ọ lẹ́ẹ̀mejì," ló wí. "Ta ló tún kù?"

Ohun tó tóbi jù tó ní ló fún un, Bàrákàt sì mọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ arúgbó náà mọ́ra, ó sunkún. Bàbá rò pé ayọ̀ ni. Bàrákàt ò tún dárúkọ ìka títẹ̀ mọ́, kò sì tẹ́ búlọ́ọ̀kù kankan sórí ilẹ̀ náà.

Nígbà ọyẹ́, Bàbá Àsàmọ̀ kú. Òjò tún rọ̀, ewéko hù bo ìdí búlọ́ọ̀kù. Ìgbà náà ni Yàsírù wálé. Ó ní ìwé àṣẹ kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́, bí èèyàn ò bá tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á tún lọ gba òmíràn ni, ìyà wo wá ni ìyẹn? Ó ní kí ohun tí wọ́n ti ṣe má baà ṣòfò, òun á kúkú kọ́ ọ. Búlọ́ọ̀kù Bàrákàt ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ní ilé kan náà ṣáà ni. Pláànì Bàrákàt náà ló kọ́, fèrèsé ńlá àti gbogbo rẹ̀. Kò sí ọ̀dà pupa tó kàn án. Ó níwèé.

Nígbà tí wọ́n kan òrùlé tán, Yàsírù wá sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Bàrákàt lọ́jọ́ ọjà, níṣojú àwọn oníbàárà. Inú rẹ̀ dùn, ó ti ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà. "Bàrákàt, yàrá ẹ̀yìn yẹn, tìẹ ni. Kó wá síbẹ̀ nígbàkígbà tó bá wù ọ́. Mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ."

Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í súre. Wọ́n ní irú ẹ̀gbọ́n báyìí ṣọ̀wọ́n, wọ́n ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó pẹ́ fún wọn.

Bàrákàt gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ máa ṣe ìwé rẹ̀ fún mi?"

"Ìwé kí ni?"

"Ìwé yàrá náà. Kí ẹ kọ orúkọ mi sí i, kí ẹ tẹ̀ka."

Ojú Yàsírù dàrú. Ó wo àwọn oníbàárà, ó wo Bàrákàt. "Láàárín èmi pẹ̀lú ẹ? Ọmọ ilé kan náà? Ìwé?" Ó dùn ún lóòótọ́. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn, kò díbọ́n, ó dùn ún dénú eegun.

Ó bínú jáde. Àwọn oníbàárà ní Bàrákàt ò moore. Bàrákàt rán aṣọ ọwọ́ rẹ̀ tán, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì lọ san owó yàrá rẹ̀ fún onílé lẹ́yìn ọjà. Onílé náà kì í ṣe ẹbí rẹ̀ rárá. Ó ka owó, ó mú bírò, ó kọ rìsíìtì fún un. Orúkọ Bàrákàt wà níbẹ̀.